Ta Ló Rí Ìwé Owó? Ìtàn Owó-Orí Àwọn Ìyá Wa ní Abẹ́òkúta

Ìgbìmọ̀ ní kí àwa akọ̀wé kọ ìtàn díẹ̀ sínú ìwé ayẹyẹ yìí gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. A ti fẹ́ kọ nípa bí àdìrẹ ṣe dé Ìtòkú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ ní ìpàdé oṣù tó kọjá kò jẹ́ ká lè kọ nǹkan mìíràn.

Ẹni tó wà níbẹ̀ á rántí. A ń ṣàlàyé fún ẹgbẹ́ pé òfin owó-orí tuntun tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, pé ó yẹ kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí òun wà nínú ẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ dé ìdajì tí gbọ̀ngàn fi dàrú. Èyí ń wí pé wọ́n fẹ́ wọ inú àkáǹtì wa. Ìyẹn ní òun á kó owó òun jáde ní báǹkì, òun á dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Nígbà náà ni màmá wa kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní Láfẹ́ńwá, tí wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, dìde. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìyá mi sùn sí ìta ààfin Aké nítorí owó-orí. Orí ẹ̀yìn wọn ni mo wà. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ sanwó. Wọ́n ní kí wọ́n fi ìwé owó hàn wọ́n ni." Wọ́n bá jókòó padà. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Nígbà tí ìpàdé tú, àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ wá bi wá pé ìwé wo ni màmá ń sọ. Ó yà wá lẹ́nu pé ọmọ Abẹ́òkúta lè ní tíṣẹ̀ẹ́tì tí wọ́n ya àwòrán Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti sí, kó má mọ ohun tí wọ́n jà fún. Ẹlòmíràn ò mọ̀ ju pé wọ́n jẹ́ ìyá Fẹlá lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́.

Kí òyìnbó tó gba ìlú, obìnrin Ẹ̀gbá kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń jókòó lé lórí. Oyè Ìyálóde wà, kì í sì í ṣe oyè fìlà àti ìlẹ̀kẹ̀ lásán. Ẹfúnróyè Tinúbú, tó pèsè ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá nígbà tí Dàhòmì wá ja ìlú, ni wọ́n fi jẹ Ìyálóde ní 1864. Bí ọ̀rọ̀ ọjà bá délẹ̀, ẹnu Ìyálóde ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn olóyè. Láyé ìjọba Ẹ̀gbá tó dúró fúnra ẹ̀, láti 1898 sí 1914, wọn kì í gba owó-orí lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Owó oníbodè ni wọ́n fi ń ṣèjọba. Ẹrù tó bá wọ ìlú tàbí tó jáde ni wọ́n ń gba owó lé lórí. Ẹni tí kò bá kó ẹrù kọjá, wọn kì í wá a délé.

Ní 1914 òyìnbó gba òmìnira Ẹ̀gbá. Ní 1918 Lugard gbé owó-orí dé, sílè 5 lórí ọkùnrin, sílè 2 àbọ̀ lórí obìnrin. Ẹ kíyè sí ìkejì yẹn dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá mìíràn, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gba owó-orí lọ́wọ́ ẹ̀, ṣùgbọ́n ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, obìnrin ń san tiẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n ti rí i pé owó wà lọ́wọ́ obìnrin Ẹ̀gbá, nítorí òwò àdìrẹ, òwò oúnjẹ àti èkùrọ́. Ọdún yẹn náà ni Ogun Adúbí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará oko dìde, wọ́n hú irin rélùwéè, ìjọba sì kó ṣọ́jà lé wọn lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Owó-orí nìkan kọ́ ló fà á. Iṣẹ́ òpópónà tí wọ́n ń fi túláàsì ṣe wà níbẹ̀, owó ìtanràn lóríṣiríṣi náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó-orí ṣe wọ ìlú wa nìyẹn, ó bá ìbọn wọlé. Ohun tó bá ìbọn wọlé, ó máa ń pẹ́ kí èèyàn tó gbà pé ire ni.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n fi sọ Aláké di aláṣẹ kan ṣoṣo. Òyìnbó ló gbé agbára yẹn lé ọba lọ́wọ́. Láyé àtijọ́ àwọn Ògbóni, àwọn Ológun, àwọn Pàràkòyí àti Ìyálóde jọ ń dá sí ọ̀rọ̀ ìlú ni, kò sí ọba Ẹ̀gbá kan tó lè dá ṣe é. Nísinsin yìí, abẹ́ ọba kan náà ni ẹni tó ń gba owó-orí wà, abẹ́ ẹ̀ ni kọ́ọ̀tù tó ń dá ẹjọ́ ẹni tí kò san án wà, abẹ́ ẹ̀ náà ni àpótí owó wà. Obìnrin kankan ò sí nínú ìgbìmọ̀. A ò kọ èyí láti bu Ọba Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì kù o, ẹni tó ti wà lórí oyè láti 1920. Bí wọ́n bá fi irú ètò bẹ́ẹ̀ lé àwa gan-an lọ́wọ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí à bá ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń gba owó náà ló le jù. Ọmọbìnrin ọdún 15 ti wọ owó-orí. Ọmọ wo nígbà náà ló ní ìwé ọjọ́-ìbí? Àwọn agbowó á dúró lójú ọ̀nà, bí ọmọ bá ní òun ò tíì tó, wọ́n á bọ́ aṣọ lára ẹ̀ láti wo bóyá ó ti yọ ọyàn. Ní gbangba. Ìyá ẹ̀ ń wò. Wọ́n ń wọ ilé onílé. Wọ́n ń ti obìnrin tí kò rí owó san mọ́lé. Àwa tí a bí ọmọbìnrin nínú wa, ẹ jẹ́ ká rò ó wò.

Ogun Hitler wá dé. Ìjọba nílò oúnjẹ fún àwọn ṣọ́jà, ni wọ́n bá ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn ìyá wa nínú ọjà. Iye tí kò tó nǹkan ni wọ́n ń fún wọn lórí ẹ̀, nígbà mìíràn wọn kì í fún wọn ní nǹkan kan. Ẹni tó ti yá owó ra ìrẹsì láti oko, tó gbé e wá sí ọjà, wọ́n á gbẹ́sẹ̀ lé e, gbèsè á sì kù sí i lọ́rùn. Ní 1944 ni àwọn olóńjẹ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Màmá Ransome-Kuti.

Lákòókò náà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ni Màmá ń darí, àwọn ìyàwó tíṣà àti ìyàwó pásítọ̀, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ní aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Ohun tó mú ká fẹ́ràn ìtàn yìí ni pé Màmá ò lé àwọn olóńjẹ padà. Wọ́n gbé ẹjọ́ ìrẹsì náà lọ bá ìjọba, wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn, ìgbẹ́sẹ̀lé náà sì dáwọ́ dúró ní 1945. Ẹgbẹ́ bá ṣílẹ̀kùn fún àwọn olọ́jà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti kíkọ. Ní 1946, wọ́n yí orúkọ padà sí Ẹgbẹ́ Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn olọ́jà sì pọ̀ nínú ẹ̀ ju akọ̀wé lọ. Màmá fúnra wọn bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, ìró àti bùbá ni wọ́n ń wọ̀, Yorùbá ni wọ́n ń sọ fún ìjọba, kí òyìnbó lọ wá ògbufọ̀ tiẹ̀. Ẹgbẹ́ náà tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tó ń san owó ẹgbẹ́. Àwa tí a jẹ́ ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ tí a ṣì ń lé ara wa kiri fún owó oṣù, kí la fẹ́ sọ?

Ibi tí ìwé owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Àwọn obìnrin yìí kò kàn jáde lọ pariwo. Wọ́n kọ́kọ́ gba oníṣirò kan, wọ́n sanwó fún un, wọ́n ní kó bá wọn yẹ ìwé owó ìjọba ìbílẹ̀ ọba wò, kí wọ́n lè mọ iye tó wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ìgbà tí wọ́n ti mọ iye ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí béèrè. Wọ́n ní kí wọ́n yọ owó-orí obìnrin kúrò. Wọ́n ní kí ìjọba gba owó-orí lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì òyìnbó tó ń kó èrè ilẹ̀ wa lọ. Wọ́n ní kí wọ́n fi owó náà ṣe ohun tí ìlú máa rí. Wọ́n ní kí obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ná an. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, kò sí èyí tó ní kí ìjọba má sí.

Ìjọba ò dáhùn, ni wọ́n ṣe jáde. Ní 1947 Màmá kọ̀ láti san owó-orí tiwọn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù. Ọdún yẹn náà ni wọ́n bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwọn nìkan ṣoṣo ni obìnrin láàárín wọn, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ìyà àwọn obìnrin wa sínú ìwé ìròyìn níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ó di ọ̀rọ̀ ààfin. Ní ọjọ́ 29 àti 30 oṣù Kọkànlá 1947, àwọn obìnrin bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dúró sí iwájú ààfin Aké tọ̀sán tòru. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó, wọ́n sun ibẹ̀. Ọjà Abẹ́òkúta dá wáí. Nínú oṣù Kejìlá wọ́n tún padà lọ. Ìjọba ti ní wọn ò lè gba ìyọ̀ǹda láti wọ́de, ni wọ́n bá ń pè é ní ìpàdé fàájì. Wọ́n ń kọ́ ara wọn nínú ọgbà ilé Màmá bí èèyàn ṣe ń ṣe bí wọ́n bá ju tajútajú lù ú. Wọlé Ṣóyínká jẹ́ ọmọdé nígbà náà, òun ló ń bá wọn jíṣẹ́ láti ibì kan sí ìkejì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀ tó ń jẹ́ Aké, tó jáde ní 1981. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń kàwé nílé, ẹ ní kó kà á fún yín.

Ní 1948 wọ́n dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní 1949 Aláké fi oyè sílẹ̀. Wọ́n tún ìgbìmọ̀ ìlú ṣe, àwọn obìnrin 4 sì wọ inú ẹ̀, Màmá Ransome-Kuti wà lára wọn. Ọba padà sílé ní oṣù Kejìlá 1950, wọ́n sì wà lórí oyè títí wọ́n fi wàjà ní 1962. Àwọn kan máa ń fi ìyẹn bú àwọn ìyá wa pé kí ni wọ́n wá jèrè nígbà tí ọba padà. Èrò tiwa ni pé ọba tó padà yẹn kì í ṣe aláṣẹ kan ṣoṣo mọ́. Àga tí wọ́n fi sí ìgbìmọ̀ fún obìnrin ni èrè.

Ẹlòmíràn á ní ìtàn yìí fi hàn pé kò yẹ kí obìnrin san owó-orí rárá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, nítorí òun ló là wá lójú jù.

Nígbà tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn tiẹ̀ gba ìjọba ní 1952, wọ́n ní gbogbo ọmọ ni yóò lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Owó ńkọ́? Wọ́n bu sílè 10 àti sísì lé owó-orí, wọ́n ní ti ẹ̀kọ́ àti ìlera ni. Àwọn èèyàn ò gbà. Wọ́n ti gbọ́ irú ìlérí yìí rí. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ jẹ owó àwọn ni. Àwọn alátakò ń fi bú wọn kiri abúlé, nígbà tí ìbò àpapọ̀ sì dé ní 1954, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi nínú ilé ara wọn. Ẹni tí kì í ṣe ọkàn-akin ì bá ti pa ètò náà tì. Wọn ò pa á tì. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955 ilé ìwé ṣí. Ọmọ 811,432 ló wọlé lọ́dún yẹn, bẹ́ẹ̀ iye wọn ò ju nǹkan bí 457,000 lọ ní ọdún tó ṣáájú. Àwa tó ń kọ èyí, ètò yẹn ló sọ àwọn ìyá wa di ẹni tó lè kọ orúkọ ara ẹ̀. Ní 1956, ìbò ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ dé, àwọn èèyàn kan náà tó ti bú wọn dìbò fún wọn, wọ́n mú àga 48 nínú 80.

Kò sí ìwàásù kankan tó mú ìyẹn wá. Ọmọ ló gbé síléètì délé. Ìyá rí i, bàbá rí i. Sílè 10 àti sísì ti di nǹkan tí èèyàn lè fọwọ́ kàn.

Ó tún bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó-orí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà. Ọ̀nà oko ti bàjẹ́, owó kòkó ti wálẹ̀, owó-orí ń gòkè, àwọn agbowó sì ń na èèyàn. Ẹ̀mí ṣòfò lọ́tùn-ún lósì, wọ́n pa ọba Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1969. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ nínú igbó, tí ìjọba Gómìnà Adéyínká Adébáyọ̀ sì dín owó náà kù sí pọ́n-ùn 2, ni ogun rọlẹ̀. Ẹ wò ó, kò tó ọdún 15 láti ìgbà tí wọ́n gbé síléètì délé. Ìgbẹ́kẹ̀lé kò dà bí ilé bíríkì tí èèyàn á kọ́ tán, tí á sì fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ó jọ ọbẹ̀ tó wà lórí iná ni. Bí a bá kúrò nídìí ẹ̀, á jóná.

Ẹ̀yin ará, a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ìjọba bọ̀, àfi kí a sọ tiwa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ò mọ̀ ọ́n, àwa àgbà kì í fẹ́ dárúkọ ẹ̀. Ní 2009, ẹgbẹ́ wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. Ìjòyè kan lára wa ń gba ẹ̀yáwó ní orúkọ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tí kò mọ̀wé. Ọmọ ẹgbẹ́ kan wá gba owó tiẹ̀ láti fi sin ìyá ẹ̀, wọ́n ní ó ti jẹ gbèsè tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà wólẹ̀ síbẹ̀, ó ń sunkún. Òtítọ́ ni pé ọwọ́ àwa akọ̀wé ni gbogbo fọ́ọ̀mù yẹn gbà kọjá. A fọwọ́ sí i láìwò ó, nítorí ọ̀rẹ́ wa ni, a sì ń kánjú lọ sọ́jà. A ò jẹ nínú owó náà, ṣùgbọ́n a ò lè sọ pé ọwọ́ wa mọ́. A ti tọrọ àforíjì nípàdé nígbà náà, a sì tún ń tọrọ ẹ̀ nínú ìwé yìí.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹgbẹ́ ti dáwọ́ owó oṣù dúró. A bẹ̀ wọ́n, a gbàdúrà, a ní kí pásítọ̀ àti àlùfáà bá wa bá wọn sọ̀rọ̀. Kò ràn án. Ohun tó ràn án nìyí: a gba ọ́dítọ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú wa. A lẹ ohun tó rí mọ́ ara ògiri, iye tó sọnù àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ìjòyè náà ta ilẹ̀ ẹ̀ kan, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. A ní kí pásìbúùkù kúrò nínú àpótí ẹgbẹ́, kí olúkúlùkù máa mú tiẹ̀ lọ sílé. A yan ìyá méjì tí kò mọ̀wé rárá, pé ojú wọn ni kí wọ́n ti máa ka owó lóṣooṣù, pé bí wọn ò bá tẹ̀ka, owó náà ò gbọdọ̀ lọ sí báǹkì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ owó kà bí ìyá ẹlẹ́ran. Ó gbà wá tó ọdún mẹ́ta kí iye tó ń wọlé lóṣù tó padà sí ibi tó wà. Ọdún mẹ́ta, fún ẹgbẹ́ tí gbogbo wa mọ ara wa. Ìjọba tí ẹnikẹ́ni ò mọ ojúlé ẹ̀ wá ńkọ́?

Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè bá ẹni tó ń bẹ̀rù nínú wa jà. Ojú wa ti rí nǹkan nínú ọjà. Ọdún kan wà tí ikọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń gba owó kan náà lọ́wọ́ wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méjèèjì gbé báàjì kọ́rùn, rìsíìtì ti ìkíní ò sì ní nọ́ńbà. A kọ̀wé sí ọ́fíìsì tó yẹ, wọ́n ní àwọn á ṣèwádìí. A ṣì ń dúró. Àwọn mìíràn nínú wa padà dé báǹkì tiwọn láàárín 1990 sí 1999, wọ́n bá àgádágodo lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ èyí tó dára náà. Ẹni tó ní òun á kó owó òun padà sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ bá wa bi í bóyá ó mọ NDIC. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni, òfin tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 1988, iṣẹ́ ẹ̀ ni láti dáàbò bo owó ẹni tó fi pamọ́ sí báǹkì. Látijọ́, ₦50,000 péré ló lè san fún ẹnì kan bí báǹkì bá kú. Ní 2024 wọ́n gbé e dé mílíọ̀nù 5 náírà fún àwọn báǹkì ńlá, mílíọ̀nù 2 fún màìkírófáínáǹsì. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé e sókè ni Báǹkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ Heritage Bank, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2024. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ NDIC ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì mìíràn tí àwọn oníbàárà ní, BVN wọn ni wọ́n fi wá wọn rí. Ẹni tí owó ẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 5 lọ gbà á pé. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé òfin yẹn wà, kí ẹ sì fi iye yẹn sọ́kàn bí ẹ bá fẹ́ fi owó sí ibì kan ṣoṣo.

Ó wá ku òfin owó-orí tuntun. A ti ka apá tó kàn wá, a sì ti bẹ ẹni tó mọ̀ ọ́n pé kó wá ṣàlàyé. Ẹni tí owó tó jẹ́ tiẹ̀ lọ́dún kò ju ₦800,000 lọ, kò ní san owó-orí kankan lórí ẹ̀. Èrè ni wọ́n ń sọ o, kì í ṣe gbogbo owó tó gba ọwọ́ kọjá. Ìyá tó ta ẹ̀lùbọ́ mílíọ̀nù 3 náírà lọ́dún, tó ra á ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀, tó san owó ọkọ̀, owó ìsọ̀ àti owó aláàárù nínú ìyókù, èrè tiẹ̀ ò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá kọ iye tó rà á sílẹ̀, kí ni yóò fi hàn? Ọ̀pọ̀ nínú wa ni orí la fi ń ṣírò. Oúnjẹ lásán bí ẹ̀lùbọ́, ẹ̀wà àti gàrí náà kò sí lábẹ́ owó VAT, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún yín pé kí ẹ bu owó lé ọjà nítorí ẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ti ṣe ni pé a kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń gba owó nínú ọjà wa. A béèrè ohun mẹ́ta: iye tí ọjà wa san lọ́dún tó kọjá, ohun tí wọ́n fi ṣe lára ọjà náà, àti bóyá àwa olọ́jà lè ní ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ tó ń pín in. A ò bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà náà. Màmá ẹlẹ́lùbọ́ wa ló kọ́kọ́ tẹ̀ka sí i, lẹ́yìn náà ni àwa tó kù fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí a kọ èyí, èsì kò tíì dé. Bó bá dé, rere tàbí burúkú, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Ní ọjọ́ ayẹyẹ, ìwé owó ẹgbẹ́ ti ọdún yìí á wà lórí tábìlì lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ, láti aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ mú pásìbúùkù yín dání, kí ẹ fi wé e. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kó mú ọmọ ẹ̀ wá. Bí ẹ bá rí iye tí kò bára mu, ẹ má lọ sọ ọ́ nílé, ọ̀dọ̀ àwa akọ̀wé ni kí ẹ wá. A máa wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.